Fọ́rọ́ọ̀mù wa ń tì lóṣù tó ń bọ̀, báwo la ṣe fẹ́ kó ẹrù wa?

Abẹ́rẹ́Rédíò:

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin tèmi. Púpọ̀ nínú yín la jọ wà níbi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ẹ̀yin tẹ́ ò sì sí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i, torí orí mi ti dàrú. Fọ́rọ́ọ̀mù àwa tá à ń tún rédíò àtijọ́ ṣe, tí mo ti wà láti 2011, ni mo lọ́gìn sí láàárọ̀ Tuesday, ọ̀rọ̀ kapásítọ̀ kan tó wú ni mo fẹ́ béèrè o, àfi bí mo ṣe rí i tí wọ́n lẹ àkọlé pupa gbọọrọ kan mọ́ òkè pé láti ọjọ́ yẹn lọ kíkà nìkan ló kù, kò sẹ́ni tó lè kọ nǹkan kan mọ́, tó bá sì pé 30 ọjọ́ wọ́n á pa sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí fọ́rọ́ọ̀mù ń gbé. Ó parí. Ìlà mẹ́ta. Kò tiẹ̀ sí orúkọ nísàlẹ̀ ẹ̀, kò sí "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta", kò sí "ẹ má bínú".

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ń dùn mí jù. Bàbá kan wà níbẹ̀ tá à ń pè ní Bàbá Okùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tú rédíò àtijọ́ rí, ẹ mọ okùn tín-ín-rín tó máa ń fa abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka sí ibùdó. Tó bá ti já báyìí, ó ti bá ẹ, torí kò sí àmì kankan tó máa fi ibi tó gbà hàn ẹ́: ó yí kókó tá a fi ń wá ibùdó po, ó gba ara kẹ̀kẹ́ kéékèèké mẹ́ta mẹ́rin kọjá, ó lọ wé mọ́ kẹ̀kẹ́ ńlá tó wà lẹ́yìn, sípíríngì sì wà nínú kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn tó fà á le. Bàbá yìí á mú bírò, á yà á sẹ́yìn ápòòwé, á fi ọfà kéékèèké sí i, á kọ "bẹ̀rẹ̀ níbí", á ya fọ́tò ẹ̀, á gbé e síbẹ̀. Mo kà á, 58 ni, rédíò kan ápòòwé kan. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí bàbá ti kú, títí di oṣù tó kọjá àwọn èèyàn ṣì ń kọ "ẹ ṣé o Bàbá" sábẹ́ ẹ̀.

Ìbéèrè mi wá nìyí. Ṣé ọ̀nà wà tá a lè gbà kó ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó pa á? Èmi ò mọ̀ ju kí n máa ya ojú fóònù lọ, mo ti ya igba báyìí, fóònù ti ń sọ pé àyè ò sí mọ́, mi ò sì tíì kúrò ní tọ́píìkì kejì. Ẹ tún sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń kó lọ fún mi o, torí gúrúpù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti àná, wọ́n sì ti ń bára wọn jà. Tá a bá tiẹ̀ wá rí i kó, ṣé ó tọ́ ká máa gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri?

SódàGbígbóná:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀. Ìgbà témi rí i, ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn tibi iṣẹ́ dé tó bá àgádágodo àjèjì lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀. Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ọdún tó kọjá yìí la dáwó fún sáfà, wọ́n ní owó ọdún méjì ti wà nílẹ̀, ibo lowó yẹn wọlẹ̀ sí? Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè o, mo kàn ń béèrè ni.

Àmọ́ ká sòótọ́, kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀, àwọn tó lówó ju ẹni tó ni fọ́rọ́ọ̀mù wa lọ ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yahoo ra GeoCities ní 1999, ó pa á lóṣù kẹwàá 2009, àìmọye ojú ewé táwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn ṣe ló bá a lọ. IMDb, sáìtì ọ̀rọ̀ fíìmù, ti àwọn ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ẹ̀ pa lóṣù kejì 2017, ọ̀sẹ̀ méjì àtọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi sọ fáwọn èèyàn ṣáájú. Yahoo Groups, oṣù kẹwàá 2019 ni wọ́n kéde pé àwọn máa pa ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá 2020 kò sí Yahoo Groups mọ́ rárá. Google+ lọ lóṣù kẹrin 2019, Yahoo Answers lọ lóṣù karùn-ún 2021. Ọgbọ̀n ọjọ́ tiwa yìí tiẹ̀ sàn díẹ̀.

Lórí ibi tá a máa kó lọ, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká kó wọ WhatsApp. Mo wà nínú ọ̀kan nínú gúrúpù mẹ́ta yẹn, kí ilẹ̀ tó mọ́ lónìí mẹ́sééjì ti lé ní irínwó, "ẹ káàárọ̀" àti sítíkà pọ̀ níbẹ̀ ju rédíò lọ. Ẹnì kan béèrè ìbéèrè gidi ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, ẹnì kan sì dá a lóhùn dáadáa, mo ní kí n wá a láàárọ̀, ó ti rì. Tẹ́lòmíì bá tún wá ìbéèrè yẹn kan náà lórí Google lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní rí i, torí ohun tó bá wọ inú WhatsApp tàbí Discord kì í jáde síta. Lórí fọ́rọ́ọ̀mù, mo ti rí oògùn ìṣòro mi nínú ìjà táwọn méjì kan jà ní 2006, àwọn méjèèjì ò sì mọ̀ pé ẹni tó ń jẹ́ èmi wà láyé.

Ọlọ́jàÀná:

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n gba ẹnu onílé sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí èmi náà ti ní fọ́rọ́ọ̀mù rí, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, èmi náà ni mo sì fọwọ́ ara mi pa á. Ti àwọn tó ń ya fọ́tò ni tèmi. Gbogbo èèyàn máa ń rò pé owó sáfà ló ń pa á. Owó sáfà ò tó nǹkan, àárẹ̀ ló ń pa ọ̀gá.

Sọ́fúwià tí mo fi ṣe é ti gbó. PHP ni èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ ọ́, PHP 7 ti dé láti 2015, ó sì ti yọ ọ̀nà àtijọ́ tí sọ́fúwià yẹn ń gbà bá dátábéèsì, ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn kọ wà, sọ̀rọ̀ kúrò pátápátá, ìyẹn ni pé tí mo bá sọ sáfà dọ̀tun, fọ́rọ́ọ̀mù ò ní ṣí, tí mi ò bá sì sọ ọ́ dọ̀tun, àwọn olè á gba ihò tó wà lára ẹ̀ wọlé. Mo wá di ẹni tó ń fọwọ́ dí ihò. Ẹ wò mí ní aago méjì òru, ìyàwó mi ti sùn, iná fóònù ń tàn sí mi lójú, mò ń pa àwọn tó ń polówó bàtà ayédèrú rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́, mo pa á rẹ́, mo tẹ òmíràn, mo pa á rẹ́, tí mo bá fi máa pa 50 rẹ́, 60 ti wọlé. Lọ́dún tó gbẹ̀yìn, àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń kó ọ̀rọ̀ lọ fáwọn ilé iṣẹ́ AI náà wá dé. Mo wo iye àlejò lọ́jọ́ kan, ó lé ní 9,000, mo ní haa, a ti di ńlá! Ìgbà tí mo wò ó fínnífínní, èèyàn gidi inú wọn ò pé ogún. Sáfà ń mí gúlegúle.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀ o, tó dá lórí orílẹ̀-èdè téèyàn bá wà. Ní United Kingdom, òfin tí wọ́n ń pè ní Online Safety Act bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn sáìtì lóṣù kẹta 2025, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 18 pọ́n-ùn tàbí ìdá 10 nínú 100 owó tó ń wọlé káàkiri ayé, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ilé iṣẹ́ ńlá ní lọ́yà, ẹni tó ń fi àsìkò ìsinmi ẹ̀ bójú tó fọ́rọ́ọ̀mù, ta ló ní? Fọ́rọ́ọ̀mù àwọn oníkẹ̀kẹ́ London kan, LFGSS, kéde lóṣù kejìlá 2024 pé àwọn máa tì torí òfin yìí.

Sódà, àbúrò mi, ọ̀rọ̀ owó tó o sọ yẹn, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́. Ìgbà tí mo kéde pé mo fẹ́ pa tèmi, íímeèlì 31 ni mo gbà lọ́sẹ̀ yẹn. Ọgbọ̀n bú mi. Ẹnì kan ló kọ ọ́ pé "ẹ kú iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí o, ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ lè fún wa ní dátábéèsì?" Òun ni mo fún.

KòSọnù:

Ibi tí ọ̀gá Ọlọ́jà sọ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bá a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni ín lónìí, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kí i tán, ẹ ní kó fún yín ní dátábéèsì, kó yọ íímeèlì, pásíwọọ̀dù, nọ́ńbà IP àti mẹ́sééjì ìkọ̀kọ̀ kúrò nínú ẹ̀ kó tó fún yín, kó wá fi fóldà fọ́tò sí i, torí fọ́tò kì í sábà sí nínú dátábéèsì, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti kábàámọ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ máa san owó dómáìnì, ìyẹn orúkọ àdírẹ́sì fọ́rọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ .com, ẹ lè san ti ọdún 10 lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí dómáìnì yẹn kú, ẹlòmíì á rà á, gbogbo línkì tí ayé ti fi tọ́ka síbẹ̀ láti ọdún yìí wá á máa gbé èèyàn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́.

Tí kò bá dáhùn ńkọ́? Wayback Machine ti Internet Archive wà. Láti 1996 ni wọ́n ti ń kó ojú ewé pamọ́, 2001 ni wọ́n ṣí i fáráyé. Ẹ fi àdírẹ́sì fọ́rọ́ọ̀mù yẹn sí i, ẹ wo èyí tó ti wà níbẹ̀. Ẹ má kàn rí ojú ewé iwájú kẹ́ ẹ wá lọ sùn o! Ibi tó bá ní kéèyàn lọ́gìn, kì í lè wọ̀ ọ́, ojú ewé kìíní tọ́píìkì lè wà níbẹ̀ kí 2 títí dé 40 má sí, fọ́tò tó jẹ́ pé ẹni tó bá lọ́gìn nìkan ló ń rí i, kò ní sí níbẹ̀ náà. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn jù, "Save Page Now" wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi kó o lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Archive Team, láti 2009, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa sáré lọ síbi tó bá ti fẹ́ kú kí wọ́n lọ kó ẹrù ẹ̀. Ẹ kàn sí wọn, ẹ má dúró dọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà, ẹ lè lo HTTrack tàbí wget, sọ́fúwià tó ń kó odidi sáìtì sórí kọ̀ǹpútà. Ti wget, ẹ kọ --mirror --page-requisites --convert-links, kẹ́ ẹ fi --warc-file sí i kó lè wúlò fún àwọn Internet Archive náà, kẹ́ ẹ wá fi --wait=2 sí i, ẹ má yọ wait yẹn o, sáfà tó ti rẹ̀ lẹ fẹ́ fà lọ́wọ́, tí gbogbo yín bá rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan ẹ̀yin lẹ máa pa á kí onílé tó pa á. Ẹ pín in láàárín ara yín, kẹ́nì kan mú yàrá kan. Ẹ yọ línkì ìfèsì, ti ìwákiri àti kàlẹ́ńdà kúrò. Ohun tójú mi rí ló jẹ́ kí n máa sọ ọ́: ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo tàn án sílẹ̀, mo lọ sùn, mo jí, mo bá fáìlì 70,000, inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣí i. Kàlẹ́ńdà ni gbogbo ẹ̀. Ó ń tẹ "oṣù tó kàn", "oṣù tó kàn" títí ó fi kó kàlẹ́ńdà fọ́rọ́ọ̀mù dé ọdún 2190.

ẸyẹÒru:

Ẹ má bínú o, èmi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kó tèmi.

Ẹ rántí yàrá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá tá à ń pè ní Abẹ́ Igi, tá a ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò kan rédíò. Ní 2013 nǹkan kan ń ṣe mí, mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́ nílé, ibẹ̀ ni mo lọ ń kọ ọ́ sí ní gbogbo òru, àwọn kan níbẹ̀ tí mi ò rí sójú rí títí dòní ló bá mi jókòó títí ó fi lọ. Mi ò kọ orúkọ mi, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ mí tó bá kà á, ìlà mẹ́rin péré ló máa kà tó fi máa mọ̀ pé èmi ni. Ọmọ mi ti mọ bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan lórí Google báyìí. Ìgbà tí mo rí àkọlé pupa yẹn, ká má parọ́, ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀ ni, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó wá sunkún.

SódàGbígbóná:

Ẹ̀gbọ́n Ẹyẹ, mo gbọ́ yín o, ṣùgbọ́n tí gbogbo èèyàn bá ní ká yọ tàwọn, kí ló kù tá a fẹ́ kó? Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́ o.

ẸyẹÒru:

Tèmi ni mo sọ, mi ò sọ ti gbogbo èèyàn. Èyí tí mo kọ nípa kapásítọ̀ àti sípíkà, ẹ máa kó o lọ, mo fún yín.

KòSọnù:

Ẹ̀tọ́ yín ni. Lọ́dọ̀ àwọn European Union, òfin GDPR tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018 tiẹ̀ fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ọn rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó láwọn ibi tí kò dé. Lójú tèmi, ibi tá a ti kọ́ṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kó, kẹ́ ẹ fi Abẹ́ Igi sílẹ̀ kó bá ilé lọ. Ohun kan rèé tí ọ̀pọ̀ ò rò: tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan, ẹ wo ìsàlẹ̀ dáadáa, torí àwọn tó fèsì ti fa ọ̀rọ̀ ẹ̀ yọ sínú tiwọn, tẹ́ ẹ bá sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò yọ nǹkan kan.

ÌyáTransístọ̀:

Ẹ kú ìjíròrò o. Bí KòSọnù ṣe wí ni mo ṣe, mo wá tọ́píìkì Bàbá Okùn lórí Wayback. Ojú ewé yọ, ọ̀rọ̀ bàbá wà níbẹ̀ ketekete, "ẹ má fà á jù, ẹ jẹ́ kí sípíríngì ṣiṣẹ́ ẹ̀", gbogbo ẹ̀ ló wà. Ibi tó yẹ kí ápòòwé wà, àpótí aláwọ̀ eérú kan báyìí ló wà níbẹ̀, tó ya nígun. Mo sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, àpótí, àpótí, àpótí.

Abẹ́rẹ́Rédíò:

Ẹ̀rù ohun tó ń bà mí nìyẹn. Mo ti kọ̀wé sí ẹni tó ni ín lálẹ́ àná, mi ò mẹ́nu kan owó, mo kí i kú iṣẹ́ ọdún gbogbo. Ó dá mi lóhùn láàárọ̀ yìí, ọkùnrin náà ti rẹ̀ gan-an, èèyàn á mọ̀ ọ́n nínú bó ṣe kọ̀wé. Ó ní òun á gbé dátábéèsì fún wa, ó ní káwọn méjì tó mọ̀ nípa ẹ̀ kàn sí òun (KòSọnù, mo ti fún un lórúkọ yín, ẹ má bínú pé mi ò béèrè). Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni kò yé òun fúnra ẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n pààrọ̀ sáfà lọ́jọ́sí, fóldà àwọn fọ́tò tó pẹ́ jù kò bá wọn dé, àwọn tá à ń rí látìgbà yẹn, ibòmíì ni wọ́n ti ń fà á wá, ibẹ̀ náà sì ti tilẹ̀kùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo sáré padà lọ wò ó báyìí, mọ́kànlá péré ló ṣì ń ṣí nínú 58, mo ti kó mọ́kọ̀ọ̀kànlá sórí kọ̀ǹpútà.

ÌyáTransístọ̀:

Ẹ dúró ná. Mo rántí pé lọ́dún 2015 mo tẹ ọ̀kan jáde sórí pépà, mo sì ká a sínú ẹ̀yìn rédíò tí mo fi tún ṣe kó má baà sọ nù. Mo lọ gbé rédíò yẹn sọ̀ kalẹ̀ lókè kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, mo tú ìdè mẹ́rin, ó wà níbẹ̀! Omi ti kán sí igun ẹ̀ kan, pépà ti pọ́n, àmọ́ gbogbo ọfà ló hàn. Ibi kókó, ó ní kí okùn yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

SódàGbígbóná:

Ẹ̀ẹ̀mejì àbọ̀ ni, màmá. Tó bá ti pé mẹ́ta, okùn á máa gun ara ẹ̀, kókó á le.

ÌyáTransístọ̀:

Mo ti wo awò sí i báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì àbọ̀ ló kọ o, ó tiẹ̀ fàlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀, ó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo ápòòwé Bàbá rí, ẹ tú ẹ̀yìn rédíò yín wò.

Abẹ́rẹ́Rédíò:

Mo ti tú mẹ́rin. Ọ̀kan wà nínú rédíò kejì, èmi ni mo fi síbẹ̀ tí mo sì gbàgbé. Pẹ̀lú ti màmá, mẹ́tàlá ti wà lọ́wọ́. Ó ku 45.